Òpó Igun Tí A Kà Lẹ́ẹ̀mejì

Bí ẹ bá wá sọ́dọ̀ mi kí n lè sọ fún yín pé iṣẹ́ olùkọ́, tí àwa ń pè ní iṣẹ́ mẹ́tìrì, dùn, ẹ ti ṣìlé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wá bá mi ní Tchaourou níbí lọ́jọ́ kan, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé, ó ní, "Tonton, mo ti yege nínú ìdánwò báákì. Ṣé kí n lọ kọ́ iṣẹ́ mẹ́tìrì bíi tiyín?" Mo ní kó jẹ́ kí n mu omi ná. Mo mu omi tán, n kò rí èsì fún un. Òun ló jẹ́ kí n máa kọ èyí, fún òun àti fún ẹ̀yin yòókù tí ẹ ń wọn iṣẹ́ wò bí ẹni ń wọn bàtà lọ́jà. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ, kí ẹ tó wọ̀ ọ́.

Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ kò ní ìtàn. Ìgbà ìjọba réfólúṣọ̀n àwọn ológun ni, ilé ẹ̀kọ́ ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́, olùkọ́ ò sì tó. Ẹni tó bá ti kàwé díẹ̀ tó sì lè di ẹfun mú, wọ́n á fún un níwèé, wọ́n á ní kó máa lọ sí abúlé. Ti owó oṣù, ẹ má bi mí. Ó ń dé nígbà míì, nígbà míì a kàn ń gbọ́ ìró rẹ̀ ni.

Abúlé kan lẹ́yìn Goro, lọ́nà tí wọ́n ń gbà lọ sí Bétérou, ni wọ́n rán mi lọ. Ẹní, fìtílà àti àpò gààrí kan ni mo gbé dání. Kíláàsì mẹ́ta ló wà níbẹ̀, igi máńgòrò kan, àti àsíá aláwọ̀ ewé tó ní ìràwọ̀ pupa. Láàárọ̀ a ó kọrin, a ó na ìkúùkù sókè, a ó máa pe ara wa ní kámáràdì, àtọmọdé àtàgbà. Lọ́sàn-án a ó kó ọkọ́ lọ sóko lékóòlù, torí réfólúṣọ̀n ní kí ilé ẹ̀kọ́ máa bọ́ ara rẹ̀.

Dírẹ́tọ̀ wa, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà, ń jẹ́ Adéṣínà, ọmọ Ṣábẹ̀, àgbàlagbà tó ti ń kọ́mọ láti ìgbà àwọn Faransé. Ó gùn, ó gbẹ, kì í rẹ́rìn-ín láàárọ̀. Bí o bá pè é ní kámáràdì, á dá ọ lóhùn, ṣùgbọ́n á máa wò ọ́ bíi pé o gbàgbé láti dọ̀bálẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́. Ẹ má rò pé ibi tí wọ́n ti fún mi níwèé ẹ̀rí ni mo ti kọ́ ọ.

Ọjọ́ kìíní mi, mo kọ ìyọkúrò sí pátákó, mo ṣe é kínníkínní, mo yíjú padà, mo ní, "Ṣé ó yé yín?" Gbogbo wọn ké pé ó yé wọn. Inú mi dùn. Nígbà tí a jáde, dírẹ́tọ̀ pè mí sábẹ́ igi máńgòrò.

"Ta ló ṣe ìṣirò yẹn?"

"Èmi ni, dírẹ́tọ̀."

"Ṣé o kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n, sà."

"Kí lo wá ń ṣe é sí? Ẹni tó yó ló ń jẹun, àwọn tébi ń pa ń wòran. Láti òní lọ, bí mo bá gbọ́ ìdáhùn kan lẹ́nu rẹ, ìwọ nìkan ni yóò ro oko lékóòlù lọ́sàn-án ọjọ́ náà."

Mo rò pé àwàdà ni. Kò pẹ́ tí mo fi wà lóko, èmi nìkan, oòrùn lórí mi, àwọn ọmọ kíláàsì mi ń wò mí láti abẹ́ igi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sínú ọwọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ó fi òfin kejì lé e. Ó ní n kò gbọdọ̀ sọ fún ọmọ kankan pé ó gbà á, àfi tí ọmọ mìíràn bá ti gbìyànjú láti bì í ṣubú. Kí wọ́n jà á ní Nàgó, kí wọ́n jà á ní Bàrìbá, bí ìjà bá parí kí n wá kọ ọ́ ní Faransé. "Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀," ó ní, "ta ló wá sọ fún ọ pé ìwọ nìkan lo máa dá kíláàsì?"

Mo kórìíra rẹ̀, n kò ní parọ́. Ẹ̀yìn kíláàsì ló máa ń jókòó sí. Bí mo bá ti fẹ́ la ẹnu sọ ìdáhùn, á wúkọ́. Ikọ́ yẹn ni pàṣán mi. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni mo dùbúlẹ̀ lórí ẹní mi tí mò ń rò pé kí n kẹ́rù mi kí n padà sílé.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, torí mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí bí ẹni tí kò rí ọjọ́ rere rí. Mo rí i. Nígbà tí ẹnu àwọn ọmọ náà là, kò sí iṣẹ́ tó dùn jù ú lọ. Wọn kì í fẹ́ kí agogo lù. Dírẹ́tọ̀ kọ́ mi pé kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tó wà lẹ́nu wọn. Àwa Nàgó, a kì í kàn pe nọ́ńbà lásán. Ẹni tó bá ní márùndínláàádọ́ta, ó ti yọ márùn-ún kúrò nínú àádọ́ta kó tó pa ẹnu dé. Ìyá arúgbó tó ń ka ebè iṣu ti ń ṣe ìyọkúrò kí lékóòlù tó dé. Nígbà tí mo sọ èyí fún àwọn ọmọ, ẹnu yà wọ́n pé ìṣirò tí wọ́n ń sá fún, àwọn ló ti ń sọ ọ́ jáde lẹ́nu látàárọ̀.

Ọmọbìnrin kan wà nínú wọn tó ń jẹ́ Sàfúrà. Bàbá rẹ̀ ni Sàká, àgbẹ̀ oníṣu, ilé Mùsùlùmí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Ọmọ pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ẹnu rẹ̀ mú. Bí ẹnì kan bá sọ ìdáhùn, Sàfúrà á gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á wá ní, "Ó tì, mẹ́tìrì, ẹ jẹ́ kí n bá a wí." Ìgbà yẹn ni àwọn yòókù á sún mọ́ra, torí wọ́n mọ̀ pé ìjà ti dé. Dírẹ́tọ̀, tí kì í yin ẹnikẹ́ni, sọ fún mi pé ọmọ yìí ni yóò kọ́kọ́ jáde nínú àwọn ọmọbìnrin abúlé náà lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Parakou. Ó ku ìdánwò ìparí nìkan. Ohun tí mo wá ń jí fún láàárọ̀ nìyẹn. Ẹni tí kò bá tíì kọ́ ọmọ bẹ́ẹ̀ rí kò lè mọ̀ ọ́n.

Màlúù àwọn Fúlàní ń jẹ ẹ̀fọ́ wa lóko lékóòlù, a sì fẹ́ ṣọgbà yí i ká. Mo fi í ṣe ìṣirò. Mo ní, "Ọgbà wa ní igun mẹ́rin. Ẹni tó bá dúró ní ẹ̀gbẹ́ kan, òpó márùn-ún ló máa rí, pẹ̀lú ti igun. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rí bákan náà. Òpó mélòó ni ká lọ gé?"

Bíọ̀, ọmọ Bàrìbá kan tó máa ń yára, ní ogún ni. Ọ̀nà mẹ́rin márùn-ún, kí ló tún kù? Gbogbo kíláàsì ní ogún ni.

Sàfúrà gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ó tì, mẹ́tìrì. Òpó igun, ẹ̀gbẹ́ méjì ló ń pè é ní tiwọn. Ẹ̀gbẹ́ yìí kà á, ẹ̀gbẹ́ yẹn náà kà á. Ẹ yọ mẹ́rin kúrò."

Bíọ̀ dìde. "O fẹ́ yọ òpó igun? Ibẹ̀ gan-an ni màlúù máa gbà wọlé."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kò já mọ́ nǹkan kan lójú ọmọ yẹn. Ó ní, "N kò ní kẹ́nikẹ́ni fà á tu. Ó ṣì dúró síbẹ̀. Mo kàn ní ká má kà á lẹ́ẹ̀mejì ni."

Wọ́n jà á débi pé ilẹ̀ kíláàsì kún fún ìlà àti òkúta. Àwọn kan fẹ́ sáré lọ ri igi mọ́lẹ̀ kí wọ́n kà á, dírẹ́tọ̀ ní kò sẹ́ni tó ń jáde títí ẹnu á fi dá a. Nígbà tó yá, Bíọ̀ fúnra rẹ̀ fi òkúta ṣe ọgbà kan, ó kà á, ó tún un kà, ó wá jókòó. Ó ní, "Mẹ́rìndínlógún ni. Ẹ má jẹ́ kó máa wò mí bẹ́ẹ̀." Mo gbójú wẹ̀yìn, mo rí i pé dírẹ́tọ̀ ń rẹ́rìn-ín, àárọ̀ sì ni.

Sàká bàbá Sàfúrà ń lọ sóko, ó dúró lójú fèrèsé. "Mẹ́tìrì, ṣé ìjà lẹ ń jà níbí ni?" Mo sọ ìbéèrè náà fún un. Òun náà ní ogún ni. Ọmọ rẹ̀ bá a wí láti orí bẹ́ǹṣì rẹ̀, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ tún un wò." Ọjọ́ kejì ó padà wá sọ pé òun kò lè sùn, pé ọmọ náà gbà á. Bí àwọn àgbẹ̀ ṣe wá ń jókòó sábẹ́ igi máńgòrò yẹn nìyí nígbà tí wọ́n bá ti oko dé, tí wọ́n ń bá àwọn ọmọ wọn jiyàn. Ẹ ò lè mọ bí ó ṣe rí.

Ní òpin ọ̀sẹ̀, àṣà dírẹ́tọ̀ ni pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ìṣòro ìṣirò kan wá láti ilé. Lọ́sẹ̀ yẹn wọ́n ní àwọn á wá òpó igun nílé wọn, ìyẹn ohun tí ibi méjì ń kà sí tiwọn. Ẹnì kan mú ògiri tí yàrá méjì jọ ń lò wá. Ẹlòmíì mú ọ̀nà tó wà láàárín oko méjì. Wọ́n ń fi í dára yá.

Sàká ló sọ ti Sàfúrà fún mi, ẹ̀rín ló sì ń rín tó fi ń sọ ọ́. Ó ní wọ́n kóra jọ fún oúnjẹ lójúde, àwọn ìyàwó, ìyá rẹ̀ arúgbó, gbogbo ọmọ. Sàfúrà dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nàka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kà wọ́n láti yàrá dé yàrá. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Músá, àbúrò rẹ̀ kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sáré kiri, ó dúró. Ó ní Músá ń jẹun ní yàrá ìyá wọn, ó tún ń jẹun ní yàrá ìyá àgbà, nítorí náà wọ́n ti kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Ẹ yọ Músá kan kúrò."

Ìyá àgbà gbé àwo rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Ta ló rán ọ? A kì í ka ọmọ f'ọ́lọ́mọ." Sàká ní òun rẹ́rìn-ín, òun fa ọmọ náà mọ́ra, òun sọ fún ìyá òun pé ìṣirò lékóòlù ni. Bó ṣe ń sọ ọ́ fún mi, ó ń fọwọ́ nu ojú nítorí ẹ̀rín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ọyẹ́ mú, èéyi dé abúlé. Ó ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn. Sàká gbé Músá sẹ́yìn alùpùpù ẹnì kan lọ sí ilé ìwòsàn ní Tchaourou, wọ́n gbà á, wọ́n tọ́jú rẹ̀, ó sì kú. Kì í ṣe òun nìkan. Ọ̀pọ̀ ilé ló sin ọmọ lọ́yẹ́ yẹn, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì.

Èmi àti dírẹ́tọ̀ lọ kí wọn. Mo sọ ohun tí à ń sọ, mo ní, "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Sàká wo ẹnu ọ̀nà yàrá tí Sàfúrà dùbúlẹ̀ sí, tó kọjú sí ògiri. Ó ní, "Agbè gan-an ló fọ́, mẹ́tìrì."

Ìyá àgbà jókòó sórí ẹní, kò kí wa. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo fẹ́ bá a rò ó, torí iṣẹ́ tí mo mọ̀ nìyẹn. Mo ní, "Ìyá, àwọn ọmọ tí ẹnì kan ò kà náà kú. Bí ó bá jẹ́ kíkà ló pa Músá, kí ló pa àwọn yẹn?"

Ó ní, "Ìyẹn, ẹjọ́ tiwọn ni. Tèmi ni mo mọ̀." Àlàyé mi tọ̀nà, kò sì wúlò fún ohunkóhun.

Bí a ṣe ń jáde, mo yà sọ́dọ̀ Sàfúrà. Ó ní, "Mẹ́tìrì, èmi ni mo ní kí wọ́n yọ ọ́." Mo rán an létí ohun tí òun fúnra rẹ̀ sọ fún Bíọ̀, pé òpó igun ṣì dúró síbẹ̀, pé kò sẹ́ni tó fà á tu. Ó ní, "Ó ti tu, mẹ́tìrì." Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo ti ń pa òwe yẹn láti kékeré, ọjọ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ.

Ẹ ó ní kí n sọ ẹni tó jẹ̀bi. Mo ti wá a kiri. Ọmọ náà fẹ́ràn ìṣòro, ìyẹn la kọ́ ọ. Ìyá àgbà pa àṣà mọ́, ohun tí wọ́n kọ́ òun náà nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ṣe ibi. Bí mo bá rí ẹni bú, ì bá rọ̀ mí lọ́rùn.

Sàká mú un kúrò lékóòlù. Kò bínú. Ó wá fúnra rẹ̀, ó bọ́ fìlà, ó ní, "N kò sọ pé ẹ̀yin lẹ pa ọmọ mi. Mò ń sọ pé ìyá mi ò jẹun mọ́." Ṣùgbọ́n délégè abúlé, ẹni tí ìjọba fi ṣe olórí wa, gbọ́ ọ, ó ní réfólúṣọ̀n ò gba kí wọ́n fi ọmọ sílé nítorí ohun àtijọ́. Dírẹ́tọ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó fi wọ́n sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ lè fipá mú ẹsẹ̀ rẹ̀ wá, kámáràdì, ẹ ò lè fipá mú ẹnu." Délégè ò gbọ́. Wọ́n mú ẹsẹ̀ náà wá.

Ó jókòó síbi tó ti ń jókòó tẹ́lẹ̀. Àwọn yòókù ń jiyàn, wọ́n ń wẹ̀yìn wò ó, wọ́n ń dúró kó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò gbé e. Mo bi í ní ìbéèrè tó ṣòro, ó ní, "Mi ò mọ̀." Mo bi í ní èyí tó rọrùn. "Mi ò mọ̀, mẹ́tìrì." Mo bi í ní méjì àti méjì. Díẹ̀díẹ̀ ìjà kíláàsì náà rọ. Kò sẹ́ni tó fẹ́ jà níwájú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan dírẹ́tọ̀ dìde láti ẹ̀yìn, ó wá sí bẹ́ǹṣì rẹ̀, ó lóṣòó sílẹ̀. Mo rí ọkùnrin yẹn tó da òfin ara rẹ̀ nù. Ó sọ ìdáhùn náà fún un jẹ́jẹ́ sétí, ó ní, "Mo ti sọ ọ́, ọmọ mi. Ṣá wí i tẹ̀lé mi." Sàfúrà wò ó, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Mi ò mọ̀, dírẹ́tọ̀." Dírẹ́tọ̀ jáde lọ sábẹ́ igi máńgòrò, kò sì padà wọlé lọ́jọ́ náà.

Sàfúrà ṣe ìdánwò ìparí ní Tchaourou. Ìgbà yẹn, bí wọ́n bá ń ṣe ìṣirò àforíṣe, wọ́n á ka ìbéèrè, ọmọ á kọ ìdáhùn sórí pátákó kékeré ọwọ́ rẹ̀ tí à ń pè ní aduwáàsì, gbogbo wọn á sì gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Mo dúró lójú fèrèsé. Mo rí aduwáàsì gbogbo ọmọ lókè. Ó gbé tirẹ̀ náà sókè. Kò kọ nǹkan kan sí i. Lọ́dún kejì wọ́n fi í fọ́kọ ní Sanson.

Ìyókù iṣẹ́ mi, mo lè sọ ọ́ ní ṣókí. Dírẹ́tọ̀ fẹ̀yìn tì, ó padà sí Ṣábẹ̀, ó sì kú síbẹ̀. Mo lọ sin ín. Mo wá di dírẹ́tọ̀ fúnra mi, n kò sì ní kí ọmọ kankan mú ìṣòro wá láti ilé mọ́. Réfólúṣọ̀n ń gbó lọ. Oṣù ń kọjá láìsí owó, a ń dá iṣẹ́ sílẹ̀, ọdún ẹ̀kọ́ kan wà tí a kò parí rárá. Aduwáàsì lọ, ìwé àkọsílẹ̀ dé. Igi kéékèèké tí a fi ń kà lọ, ìwé tí àwọn amòye ìjọba kọ dé láti òkè, tí ìdáhùn ti wà lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn wọn fóònù dé.

Ọdún tí mo máa fẹ̀yìn tì, mo ní kí n bi kíláàsì mi ìkẹyìn ní ìbéèrè òpó igun lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọmọ kan yọ fóònù bàbá rẹ̀ jáde nínú àpò, ó tẹ ọ̀nà mẹ́rin márùn-ún, ó ní ogún. Àwọn yòókù kọ ogún. Mo dúró, mo ń retí kí ẹnì kan gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó ní ó tì. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wò mí, wọ́n ń retí ìbéèrè tó kàn. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé mo ti parí.

Nítorí náà, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, èsì tí n kò rí fún ọ lọ́jọ́ yẹn nìyí. Iṣẹ́ náà lè fún ọ ní ayọ̀ tí iṣẹ́ mìíràn ò ní. Ayọ̀ náà á tẹ̀ lé àwọn ọmọ délé, o kò sì ní sí níbẹ̀ nígbà tó bá wọ ilé onílé. N kò mọ ọ̀nà tí èèyàn fi lè mú ọ̀kan kó fi ìkejì sílẹ̀.

Láìpẹ́ yìí mo lọ sí Sanson fún ìsìnkú àna mi kan. Bí mo ṣe ń kọjá, obìnrin kan tó ń ṣa kajú lójúde pè mí, "Mẹ́tìrì, ẹ káàbọ̀ o." Ó kúnlẹ̀. Irun rẹ̀ ti ń funfun lábẹ́ ìborùn, àmọ́ mo mọ̀ ọ́n kó tó sọ orúkọ rẹ̀. Ó bu omi fún mi, ó gbé àga. Mo bi í nípa bàbá rẹ̀, ó ní ó ti kú. Ẹnu mi ṣìwí, mo ní, "Ọmọ mélòó lo wá bí?"

Ó ní, "Wọ́n wà, mẹ́tìrì. Ọlọ́run ló mọ̀ wọ́n."

Ọgbà ewúrẹ́ tuntun kan wà níwájú wa, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ri òpó rẹ̀. N kò mọ ohun tó wọ̀ mí lórí. Mo ní, "Sàfúrà, bí ọgbà kan bá ní igun mẹ́rin, téèyàn sì rí òpó márùn-ún ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ti igun, òpó mélòó ni gbogbo rẹ̀?"

Ó wo ọgbà náà. Ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bó ṣe ń gbé e nígbà yẹn gẹ́lẹ́, ètè rẹ̀ sì mì díẹ̀. Mo rí i pé ó ti dé ibẹ̀.

Ó ní, "Ogún ni, mẹ́tìrì."

"Ogún?"

"Ogún ni. Mi ò ní yọ ẹnì kankan kúrò níbẹ̀."

Ìdáhùn náà ti wà lórí ahọ́n mi. Mo wúkọ́. Mo mu omi tó fún mi tán, mo dúpẹ́, mo sì gun alùpùpù padà sí Tchaourou.